Ta Ló Gbé E Rù Ọ́?

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń gun òkè ní ọjọ́ orí mi, kó lọ bi àwọn ọmọ mi. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé mi ò lè gun nǹkan kan mọ́. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, òkè ò sí lọ́kàn mi rárá. Mo máa ń rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé mi ní àdúgbò Komah ní Sokodé bí ènìyàn ṣe ń rí ògiri aládùúgbò, màá sì máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo ṣubú. Ẹ̀yìnkùlé mi ni, níbi tí mo ti fẹ́ ṣe àlùwàlá. Omi ọṣẹ ti ta sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀, orúnkún mi gbá ilẹ̀. Mo dìde fúnra mi, mo parí àlùwàlá mi, mo sì kírun. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi rí mi, ó sì pe àkọ́bí mi lórí fóònù. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé Lomé, ó ti di pé ńṣe ni wọ́n gbé mi nílẹ̀.

Obìnrin ni àkọ́bí mi. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, ibẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì kọ́lé sí àdúgbò kan náà. Àwọn méjèèjì yìí ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn baba wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n jíròrò lórí mi bí ẹni ń jíròrò lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà láìpè mí sí i: kí n kó wá sí Lomé. Yàrá kan ti wà fún mi nísàlẹ̀ ilé ọmọ mi ọkùnrin, kò ní àtẹ̀gùn kankan. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan á máa se oúnjẹ fún mi, á sì máa fọ aṣọ mi.

"Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó," ni àkọ́bí mi wí. "Ẹ wá jókòó."

Ẹ wá jókòó! Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Tchamba títí irun mi fi funfun. Mo ní Komah ni baba yín kú sí. Komah ni mo ti mọ ẹni tó ń ta ata tí kì í bu omi sí i, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohùn ladáànì kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń pe ìrun. Ta ni mo mọ̀ ní Lomé? Inú bí mi débi pé mo pa fóònù mi pátápátá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo tún tàn án, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti ń pè mí.

Dókítà tó wo orúnkún mi ò bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa rìn. Ó ní tí mo bá jókòó ti orúnkún yìí, á gan. Bí mo ṣe di ara àwọn tó ń rìn lórí òkè nìyẹn.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Sokodé tó máa ń rìn láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Jimọ́ wa ò jẹ́ kó ṣeé ṣe lọ́jọ́ Jimọ́, Máàsì àwọn Kátólíìkì ò sì jẹ́ kó ṣeé ṣe lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà Sátidé ló bá gbogbo wa lára mu. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kouloundè náà ń wá. Ẹni tó ń darí wa ti kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní eré ìdárayá rí. Ọmọ Tem ni, ẹ̀yà tó ni Sokodé, Faransé ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n fèrè rẹ̀ ò fẹ̀yìn tì, ó máa ń gbé e kọ́ ọrùn kódà bó bá ń lọ ra búrẹ́dì. Ṣẹ́ẹ̀fù ni gbogbo wa ń pè é. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí díẹ̀, kò sì fẹ́ kí n mọ̀.

Òkè tí à ń wí yìí kì í ṣe òkè ṣóńṣó. Ó gùn gbọọrọ bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni Ṣẹ́ẹ̀fù là sí i, Faransé ló sì fi sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó rọrùn ni facile, ó gba inú oko àwọn ènìyàn ní ìsàlẹ̀ lọ títí dé ìdí máńgòrò kan, ibẹ̀ làwọn tó bá rìn ín á jókòó sí tí wọ́n á máa ya fọ́tò. Moyen ni èyí tó gùn dé ìdajì, níbi tí àpáta pẹrẹsẹ kan wà, tó sì tún sọ̀ kalẹ̀ padà. Èyí tó le jù ni difficile. Òun ló ń gba ẹ̀yìn òkè kọjá láti orí dé ìrù, tó sì ń já sí títì ọlọ́dà ní òdìkejì. Ẹni tó bá ti rìn ín rí, ohùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀nà tó máa gbà, Ṣẹ́ẹ̀fù á kọ́kọ́ dán an wò. Ó ní kí n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí n fi omi sínú rẹ̀, kí n mú ọ̀pá lọ́wọ́, kí n sì gun gegele kan níwájú rẹ̀. Mi ò gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn rí láyé mi. Ọmọ nìkan ni mo ti pọ̀n, ọmọ a sì máa dì mọ́ ènìyàn. Báàgì yìí ń fà mí sẹ́yìn bí ẹni pé ẹnì kan di ẹ̀wù mi mú, ọ̀pá sì ń há sáàárín ẹsẹ̀ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ gbì láàárín gbogbo wọn.

"Madame, facile," ni Ṣẹ́ẹ̀fù wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi.

Bí wọ́n ṣe sọ mí sí ìdí máńgòrò nìyẹn, láàárín aboyún àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú. Mo rìn ín o. Mi ò pa Sátidé kan jẹ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbójú sókè tí mo rí àwọn yòókù tí wọ́n ti ń kéré lórí ẹ̀yìn òkè, ọkàn mi máa ń gbóná.

Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń darí bọ̀, mo ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní ẹsẹ̀ òkè. Kò sí zém kankan nítòsí, àwọn alùpùpù akérò kì í fẹ́ dúró níbẹ̀ nítorí òkúta. Mo tú ìborùn mi, mo ká a ní òṣùká, àgbẹ̀ náà gbé iṣu rù mí, mo sì ń lọ. Mo ti rìn jìnnà kí n tó ṣàkíyèsí pé orúnkún mi dákẹ́. Ọrùn mi nà, ojú mi ń wo iwájú, ẹsẹ̀ mi sì ń fúnra rẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀. Mo gba orí àwọn òkúta kọjá láìfi ọwọ́ kan ẹrù náà. Mo bú sẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà lémi nìkan. Ara mi ò tíì gbàgbé, báàgì ni kò mọ̀.

Ní Kambolé tí wọ́n ti bí mi, orí ni ẹrù ń gùn. Iṣu, àgbàdo, igi ìdáná, omi odò, orí ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá wúwo, ènìyàn kì í dá a gbé rù. A máa ń dúró tì í lẹ́bàá ọ̀nà títí ẹnì kan á fi kọjá, a ó sì ní, "Ẹ bá mi gbé e rù." Kò sí ẹni tó ń bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ ò bá tilẹ̀ ń kí ara yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé e rù ọ́ á kọ́kọ́ wò ọ́. Á wo ọrùn rẹ, á wo ẹsẹ̀ rẹ, á wo ẹrù náà. Bí ẹrù bá ti ti ọwọ́ rẹ̀ dé orí rẹ, ó ti jẹ́rìí pé o lè rù ú nìyẹn. Bí o bá ṣubú, wọn kì í bi ọ́ pé kí ló dé. "Ta ló gbé e rù ọ́?" ni wọ́n á bi ọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyàwó àbúrò bàbá mi gbé iṣu rù mí lóko, ó sì ju ọrùn mi lọ. Mo ṣubú létí odò, ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Ìyá mi ò bá mi wí. Ó fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ náà, ó bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo dá a lóhùn, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Láti ọjọ́ kejì, ìyàwó àbúrò bàbá mi ló ń ru ẹrù mi mọ́ tirẹ̀ wálé, títí ẹsẹ̀ mi fi san. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún un, kò sì kùn. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, títí wọ́n fi ń bẹ̀ mí pé kí n sọ òmíràn.

Mo wá tọ Ṣẹ́ẹ̀fù lọ, mo ṣàlàyé. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé ẹrù tèmi sórí, kó tún mi dán wò. Ó gbọ́ mi tán, torí ọmọlúàbí ni, ó sì mi orí. Ó ní báàgì ẹ̀yìn ni òfin, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Ó ní bí mo bá ṣubú, òun ni wọ́n á dá lẹ́bi.

"Eré ìdárayá ni èyí, Madame," ló wí. "A ò lọ sọ́jà."

Ọ̀rọ̀ ọjà yìí dùn mí wọra.

Ó ṣe díẹ̀, àkọ́bí mi dé láti Lomé. Ó kó báàgì ńlá méjì dání, òfìfo ni méjèèjì. Mo bi í pé kí ni yóò fi wọ́n kó, ó ní aṣọ mi ni. Ọkọ̀ tó máa gbé wa á dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa gba ilé mi. Gbogbo èyí ló ń sọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó ń gé àlùbọ́sà fún ọbẹ̀ mi, mo sì jókòó tì í bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ ilé-ìwé.

Mo ní, "Lọ́jọ́ Sátidé, difficile ni mo máa rìn."

"Ah non, Màmá."

"Bí mo bá dé títì ọlọ́dà lódìkejì, ẹ fi mí sílẹ̀ ní Komah, kí ọ̀rọ̀ Lomé tán. Bí n ò bá dé ibẹ̀, màá fi ọwọ́ ara mi kó aṣọ sínú àwọn báàgì rẹ."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wò mí. Ó ti bá Ṣẹ́ẹ̀fù sọ̀rọ̀ lórí fóònù tipẹ́, ó mọ̀ pé mo jókòó sílẹ̀ gbì lórí gegele. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rò ó pé ọ̀nà tó rọrùn jù láti gbé mi nìyí. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun máa bá mi lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo kírun àsùbáà, mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, mo sì kó iṣu sísè àti bídọ́ǹ omi sínú bàsíà tánganran mi. Omi tí gbogbo ẹgbẹ́ máa mu ni, mi ò ru ẹrù asán. Zém méjì gbé wa dé ẹsẹ̀ òkè, bàsíà lórí itan mi. Bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ ọmọ mi.

Nígbà tí Ṣẹ́ẹ̀fù rí bàsíà, ó mú fèrè, kò fọn ọ́n, ó kàn dì í mú. Ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ò fi ipá lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí òkè, Ọlọ́run ló ni òkè, ṣùgbọ́n kí ẹnì kankan má ṣe gbé bàsíà yẹn rù mí. Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ọmọ Kambolé kọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin wa ló ń pa mọ́, mi ò sì lè bá a jà lórí ìyẹn.

Mo yíjú sí ọmọ mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Mi ò lè gbé e rù yín, Màmá. Ẹ má bínú."

Mo bínú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ. Àpáta kan wà níbẹ̀ tó ga tó àyà mi. Mo gbé bàsíà òfìfo gun orí rẹ̀, mo kó ẹrù padà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé òṣùká lé orí, mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ orí sábẹ́ bàsíà, mo sì nà dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mi ò bojú wẹ̀yìn wo ẹni náà, torí ẹni tó bá ru ẹrù kì í bojú wẹ̀yìn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè nìyẹn. Ìkórè ti parí, koríko ti gbẹ, eruku sì ń sọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Òkúta ibẹ̀ máa ń yí. Àwọn tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn tẹ̀ síwájú, wọ́n ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, wọ́n ń gún ọ̀pá mọ́lẹ̀. Èmi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mi ò yára, mi ò sì dúró. Ọmọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni ń tẹ̀lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí màá ṣubú. Ìgbà tí mo gbọ́ ariwo ìṣubú, òun ni. Bàtà tuntun yẹn ti yọ̀ lórí òkúta.

"Ṣé o ò fara pa?" ni mo bi í, láìyíjú.

Ó ní rárá. Ó fi Faransé sọ nǹkan kan sí bàtà rẹ̀ tí mi ò ní kọ síbí.

A dé àpáta pẹrẹsẹ, níbi tí ọ̀nà ti yà sí méjì. Àwọn moyen á sinmi níbẹ̀, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn difficile á sinmi, wọ́n á sì máa gòkè lọ. Ọmọ mi sọ̀ mí, bàsíà wá sílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rọ́ lé iṣu mi. Wọ́n mu omi mi. Ṣẹ́ẹ̀fù alára jẹ ẹ̀kún ẹnu, ó ní ó dùn. Inú mi dùn débi pé mi ò ronú lórí ohun tó yẹ kí n ti rò. Ìgbà tí fèrè dún ni mo tó wo àyíká mi. Kò sí àpáta gíga kankan níbẹ̀. Pẹrẹsẹ ni gbogbo rẹ̀. Mo ti sọ ẹrù mi kalẹ̀ níbi tí mi ò ti lè dá a gbé.

Ṣẹ́ẹ̀fù rí i kí n tó sọ ọ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Madame, ẹ bá àwọn moyen sọ̀ kalẹ̀. Tàbí kí ẹ fi bàsíà síbí, kí ẹ máa bọ̀."

Kí n fi í síbí? Mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ mi á ṣe lórí òkúta tó ń yí, láìsí ẹrù tó máa tún ọrùn mi tò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ gbé bàsíà gun itan, kí n ti ibẹ̀ gbé e sórí, bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́dọ̀mọbìnrin. Orúnkún mi kọ̀. Bàsíà fì, bídọ́ǹ ṣubú lulẹ̀, omi sì dà sí mi láyà. Ojú ti gbogbo ènìyàn fún mi. Ẹnì kan gbé bídọ́ǹ náà padà sínú bàsíà, ó sì yára kúrò níbẹ̀.

"Màmá, ó tó," ni ọmọ mi wí. Ó ti sún mọ́ mi, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu àyà mi. "Ẹ ti ṣe dáadáa."

Ohùn tí mo fi máa ń bá àwọn ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ní Tchamba nìyẹn, àwọn tí wọn ò yege. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni mo ni ín. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, mi ò ní purọ́. Mo rí yàrá ìsàlẹ̀ yẹn lójú mi. Mo rí àga, mo rí tẹlifíṣọ̀n, mo sì rí ara mi níwájú rẹ̀, tí ẹnì kan ń nu ẹnu mi bí ọmọ mi ṣe ń nu àyà mi lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí. Mo gba ìborùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fi èdè Kambolé sọ fún un, kí àwọn yòókù má bàa gbọ́ ọ:

"Mi ò tọrọ àánú. Wò mí dáadáa. Bí o bá rí i pé mi ò lè rù ú, sọ ọ́ lójú mi, màá sì bá àwọn moyen sọ̀ kalẹ̀ nísinsìnyí. Bí o bá rí i pé mo lè rù ú, gbé e rù mí."

Ó wò mí. Ó wo ọrùn mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tí eruku bò. Ó wo bàsíà. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀yìn mi, kò sì rí nǹkan kan fi ọwọ́ náà mú. Orúnkún tirẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù ní kó má ṣe é.

Mo gbé òṣùká lé orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí bàsíà mú, ó sì gbé e rù mí. Kò fi í sílẹ̀ kíá. Ó bi mí ní ohun tí gbogbo ẹni tó ń gbé ẹrù ru ènìyàn máa ń bi wọ́n ní ilé wa:

"Ṣé ó ti dúró?"

"Ó ti dúró."

Ó wá yọ ọwọ́ rẹ̀.

Orí òkè ni atẹ́gùn wà. Bí ènìyàn bá dé ibẹ̀, Sokodé á tẹ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, páànù lórí páànù, ilé gogoro àwọn mọ́ṣáláṣí láàárín wọn. Mo yíjú sí ìlà-oòrùn, sí ọ̀nà Tchamba, kí n lè wo ìhà Kambolé. Ṣẹ́ẹ̀fù, tó ń rìn nítòsí mi látìgbà tí a ti kúrò lórí àpáta, ní kò ṣeé rí láti ibẹ̀, ó jìnnà jù. Mo ní mi ò bi í. A sì ń lọ. Àwọn tó wà níwájú ń kọrin, mo bá wọn gbè é. Ọmọ mi kò na ọwọ́ sí ẹ̀yìn mi mọ́, mo ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń fì nínú aṣọ bó ti ń rìn.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló burú jù. Ẹ̀gbẹ́ òdìkejì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì wà níbẹ̀. Níbì kan, òkúta kan yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bàsíà sì mì. Gbogbo wọn ké. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ọrùn mi mú bàsíà bí ìyá ṣe ń mú ọwọ́ ọmọ lójú títì, títí ẹsẹ̀ kejì fi rí ibi tẹ̀. Mo wá gbọ́ tí ọmọ mi ń mí.

Títì ọlọ́dà gbóná lábẹ́ bàtà mi, mo sì fẹ́ràn ìgbóná náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó fọn fèrè sí wa. Ṣẹ́ẹ̀fù wá dúró níwájú mi. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi yọ̀.

"Nígbà mìíràn, Madame," ló wí, "ẹ mú báàgì."

"Nígbà mìíràn," ni mo dá a lóhùn, "ẹ̀yin ni kí ẹ gbé bàsíà rù mí."

Ó fọn fèrè rẹ̀, láìsí ìdí.

Ọmọ mi sọ̀ mí, ó sì jókòó sí ẹ̀bá títì, ó bọ́ bàtà tuntun yẹn sọnù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò rẹ̀ ni, láti Lomé. Ó ń bi í bóyá mo ti ń kó aṣọ. Ohùn rẹ̀ ń jáde nínú fóònù débi pé èmi tí mo ń mu omi tó ṣẹ́kù nínú bídọ́ǹ gbọ́ ọ.

"Màmá ò wá mọ́," ni ọmọ mi wí. "Rárá, ara wọn le. Àwọn báàgì? Iṣu ni màá fi wọ́n kó."

Àbúrò rẹ̀ pariwo. Ó ní ṣé orí rẹ̀ pé báyìí, ó ní ṣé ó fẹ́ kí ìyá àwọn wà ní Komah lóun nìkan, kó sì ṣubú bíi ti ìjọ́sí. Ó ní bí mo bá ṣubú ńkọ́?

Ọmọ mi gbójú sókè, ó wò mí bó ti wò mí lórí àpáta.

"Bí wọ́n bá ṣubú, èmi ni kí o bi," ló wí. "Èmi ni mo gbé e rù wọ́n."